Kéèjì inú mọ́tò eré: ibi tí ojú kì í dé ni iṣẹ́ ọ̀hún wà

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí mò ń rí gbà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ti kéèjì ni, àwọn páìpù irin tí ẹ máa ń rí nínú mọ́tò eré ìje tó yí awakọ̀ ká yẹn. Báwo la ṣe ń ṣe é, èló ni, ṣé wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é, ṣé páìpù omi ò lè gbà á. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan torí pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, Golf 3, mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa nílé, ti ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní Brands Hatch, pápá eré ìje mọ́tò tó wà níbẹ̀. Eré ìparí ọ̀sẹ̀ ni o, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè tí wọ́n ń fowó ara wọn sáré lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Paddock Hill, kọ́nà àkọ́kọ́ ní Brands Hatch, níbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì bí mọ́tò ṣe ń ya ọ̀tún, á mọ̀ pé mọ́tò tó bá máa yí gbirigbiri níbẹ̀ ò ní béèrè bóyá iṣẹ́ lo bá wá àbí fàájì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé kéèjì kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe mọ́tò ló wà fún. Iwájú mọ́tò lè run, ẹ̀yìn lè run, wọ́n lè wá fi tírélà wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ò kan kéèjì. Ààyè tí èèyàn jókòó sí yẹn, kí a bá a níbi tá a fi í sí, òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. FIA, àjọ tó ń ṣòfin eré mọ́tò fún gbogbo ayé, ní bí wọ́n ṣe ń dán kéèjì wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n á mú ìwúwo mọ́tò, wọ́n á fi 150 kílò kún un, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méje àtààbọ̀, wọ́n á wá fi agbára yẹn tẹ húùpù ńlá mọ́lẹ̀ láti òkè, húùpù ńlá ni páìpù tó gba ẹ̀yìn ìjókòó gòkè tó tẹ̀ kọjá lórí awakọ̀ sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Fún mọ́tò 1000 kílò, agbára tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀ lọ nìyẹn, húùpù ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ju 50 mílímítà lọ. Tọ́ọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀, lórí páìpù tí ògiri rẹ̀ ò ju mílímítà méjì àtààbọ̀ lọ! Ìgbà tó o bá ro ìyẹn dáadáa lo máa mọ̀ pé kò sí ibi tí a ti lè fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un.

Páìpù ni kí n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ohun tí òfin FIA sọ fún húùpù ńlá ni 45 mílímítà ní fífẹ̀ pẹ̀lú ògiri 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú ògiri 2.0. Àwọn tó kù lè jẹ́ 38 pẹ̀lú 2.5 tàbí 40 pẹ̀lú 2.0. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irin kábọ́nù tí wọ́n fà ní tútù tí kò lójú rírán, CDS là ń pè é níbí tá a bá lọ rà á, kábọ́nù inú rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ojú rírán ò le: tí páìpù bá tẹ̀ nínú ìjàmbá, a fẹ́ kó tẹ̀, a ò fẹ́ kó là. Ọmọkùnrin tó ni Golf bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin tó dì tí ò níhò ò ní lágbára jù báyìí ni?” Ìbéèrè gidi ni. Irin tó dì tó bá wúwo tó páìpù 45 yẹn lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kò ní fẹ̀ ju bí 20 mílímítà lọ, yóò sì rọrùn láti tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ, torí irin tó jìnnà sí àárín gbùngbùn ló ń kọ̀ fún títẹ̀, èyí tó wà láàárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan ju kó wúwo lọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ pé bó o bá kúrò ní 38 bọ́ sí 45, ìwúwo á fi bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ á fi bí àádọ́rin lé. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn gan-an, ó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí n máa fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Títẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ní tútù ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi n'Íbàdàn tí mo ti kọ́ṣẹ́, yanrìn la máa ń rọ kún inú páìpù, a ó wá fi iná sí i títí á fi pọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́. Fún géètì àti ọwọ́ àtẹ̀gùn, iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná yẹn máa ń yí ara irin padà níbi tí o ò lè wọ̀n, agbára tí fífà ní tútù fún páìpù á lọ níbẹ̀, òfin sì sọ kedere pé tútù ni ká tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ títẹ̀ tí dáì rẹ̀, irin tí páìpù ń ká mọ́, bá fífẹ̀ páìpù yẹn gan-an mu lẹ máa lò. Títẹ̀ ọ̀hún ò gbọdọ̀ ká jù, ìdajì òbírí rẹ̀ láti àárín páìpù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ páìpù, fún 45 ìyẹn jẹ́ 135 mílímítà. Tí páìpù bá pẹlẹbẹ níbi tó ti tẹ̀, ẹ fi kálípà, ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, wọ̀n ọ́n, ibi tó tín-ín-rín ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 0.9 ibi tó fẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ bá hunjọ, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ jù ú nù. Húùpù ńlá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ páìpù kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ já a sórí.

Lẹ́yìn páìpù ló kan bí a ṣe máa to wọ́n. Ẹ wo ilẹ̀kùn pákó tí káfíńtà ò fi igi dábùú sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa wọ́ sílẹ̀ ní igun kan, bó ti wù kí ìṣó rẹ̀ pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni igun mẹ́rin inú kéèjì ṣe máa ń wọ́ tí agbára bá ti ẹ̀gbẹ́ bá a, igun mẹ́ta ni kì í wọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi páìpù gba inú húùpù láti igun òkè lọ́dọ̀ awakọ̀ dé igun ìsàlẹ̀ ní òdìkejì, tá a sì ń ṣe irú rẹ̀ sí òrùlé. Àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ti húùpù gbọ́dọ̀ gún gbọọrọ, kí wọ́n fi ó kéré tán dígírì 30 yẹ̀ kúrò ní òòró, húùpù fúnra ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fi ju dígírì 10 dagun síwájú tàbí sẹ́yìn. Ohun tí mò ń wò jù nínú yíyàwòrán ẹ̀ ni ibi tí páìpù ti ń pàdé. Bí páìpù mẹ́ta bá máa wá síbì kan, kí wọ́n wá síbi kan náà gan-an, kí agbára tó bá ti ọ̀kan wọlé rí ibi jáde gba inú àwọn yòókù. Páìpù tó kàn já sí àárín páìpù mìíràn láìsí ohun tó dì í mú lẹ́yìn, ibẹ̀ ló máa ká sí. Mo máa ń lo ọ̀pọ̀ ìgbà níwájú mọ́tò pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá pílásítíìkì, mà á na okùn láti ibì kan síbì kan, mà á jókòó sínú rẹ̀, mà á ní kí olówó mọ́tò fi akoto sórí kó jókòó, ká tó gé irin kankan.

Ẹ̀gbẹ́ ló ń gba ìrònú mi jù. Níwájú, ẹ́ńjìnnì wà, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà, irin tó lè run kí ìjàmbá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn lásán ló wà láàrin ìhà èèyàn àti ohun tó bá ń bọ̀. Ní September 18, 2005, níbi Wales Rally GB, eré ìje mọ́tò lójú ọ̀nà inú igbó, ní Margam, mọ́tò Peugeot 307 tí Markko Märtin ń wà fi ẹ̀gbẹ́ lu igi. Märtin ò fara pa. Michael Park tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ka ọ̀nà fún un, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Beef, kú. Mọ́tò ilé iṣẹ́ ńlá ni o, kéèjì tó dára jù nígbà yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ikú ọkùnrin yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn aláṣẹ eré náà tún wo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ní àwòtúnwò. Nínú Golf yìí, páìpù méjì tó gba ara wọn kọjá ni mo fi sẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan odindi, èkejì tá a gé sí méjì tá a jó mọ́ ọn, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ ní igun ibi tí wọ́n ti pàdé kó má báa là níbẹ̀. Orí wọn ò sì gbọdọ̀ ga ju ìdajì ẹnu ilẹ̀kùn lọ, torí èèyàn tún ní láti lè jáde kíá nígbà tí nǹkan bá gbiná. Àwọn kan á sọ pé ẹ̀gbẹ́ tí kò sẹ́nikẹ́ni, ká fi páìpù kan síbẹ̀ kó fúyẹ́. Mi ò ṣe irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ti òrùlé náà ò kéré. Ní 2009, mọ́tò awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ryan Newman yí dojú dé ní Talladega l'Ámẹ́ríkà, NASCAR, àjọ eré mọ́tò ibẹ̀, sì padà fi irin kún kéèjì wọn lókè lápá iwájú, orúkọ ọkùnrin yẹn gan-an ni wọ́n sì ń pe irin ọ̀hún di òní. Ní February 17, 2020, ní Daytona, mọ́tò rẹ̀ tún fò sókè, ó dojú dé, mọ́tò mìíràn wá kọlù ú lápá ibi tó jókòó sí. Gbogbo wa tó ń wò ó rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní ọsibítù, ó di ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì mú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bínú tí ìwé òfin bá gùn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlà tó wà nínú rẹ̀, èèyàn kan ti kọ́kọ́ forí gbá a.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹsẹ̀. Bódì mọ́tò tá à ń wò yìí, irin rẹ̀ ò tó mílímítà kan ní nínípọn níbi tó pọ̀ jù. Tó o bá gbé ẹnu páìpù lé e lórí lásán, lọ́jọ́ tí mọ́tò bá dojú dé, páìpù á gún ilẹ̀ mọ́tò já, kéèjì tó lágbára á wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òrùlé. Nítorí náà, abẹ́ ẹsẹ̀ húùpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní púléètì irin tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà 12 nìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè jẹ́ ìdajì rẹ̀. Mo máa ń tẹ púléètì náà kó gba ilẹ̀ kó sì gun ara irin etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ló le jù nínú mọ́tò. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá irin níbẹ̀ o! Golf 3 tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ti jẹ tán lábẹ́ ọ̀dà. Mo fi òòlù kékeré kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gé èyí tó ti dógùn-ún kúrò, mo fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀ kí n tó ronú kan púléètì. Olówó mọ́tò ò fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ yẹn torí kò rí páìpù kankan tó wọlé, owó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n kéèjì ò lè dúró lórí ohun tí kò dúró.

Tá a bá wá dé ibi jíjó, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Wọ́n ní ká jó o yíká páìpù, kó wọra dé inú. Yíká o, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ bá dé. Níbi tí húùpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ààyè tó wà láàrin wọn lè má ju ìka kan lọ, tọ́ọ̀ṣì tá a fi ń jó irin ò lè wọbẹ̀, ojú ò lè ríbẹ̀. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á jó ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó rí rẹ́múrẹ́mú, wọ́n á fi òkè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Ẹni tó bá wo inú mọ́tò á ní iṣẹ́ ńlá. Mo ti ki ìka bọ òkè irú páìpù bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n gbé wá fún mi wò, ìka mi bọ́ sínú àlàfo. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀, torí ẹni tó ń wà á ti fi í sáré, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tó ń wò ó.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n kó o tó gé páìpù kan ló ti gbọ́dọ̀ ronú ẹ̀. Èyí tí mo ń lò ni pé mo máa ń ṣe àpótí irin kékeré tí ẹsẹ̀ kéèjì máa dúró lé. Kí n tó gbé àpótí yẹn síbẹ̀, mà á jẹ́ kí gbogbo kéèjì tá a ti fi iná tọ́ díẹ̀díẹ̀ papọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ mọ́tò, àlàfo á wá yọ lókè, mà á jó gbogbo òkè páìpù yíká pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá fi jáàkì gbé e padà sókè títí á fi súnmọ́ òrùlé dáadáa, a ó ti àpótí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó jó ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lu ilẹ̀ mọ́tò kí ẹsẹ̀ lè wọ inú ihò lọ sísàlẹ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń gé òrùlé kúrò. Èyíkéyìí tó bá wù ẹ́, ká ṣáà ti jó òkè yíká.

Ẹnu páìpù tá a fẹ́ jó mọ́ ara òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ gígé kó gbá a mọ́ra kí iná tó kàn án, wẹ́ẹ̀dì kì í ṣe pútì tá a fi ń dí ihò. Mo ń lo ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì bo iná, MIG ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, TIG níbi tó há, torí inú kọ́nà híhá bẹ́ẹ̀ ni èérí iná ẹlẹ́ktróòdù ti máa ń há sábẹ́ tí ojú ò sì ní rí i. Ẹ jó níbí díẹ̀, ẹ bọ́ sí òdìkejì, kí ooru má fa gbogbo rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ẹ má sì fi gíráíńdà dán ojú wẹ́ẹ̀dì kó lè rẹwà, irin tẹ́ ẹ jó síbẹ̀ lẹ tún ń gbé kúrò yẹn. Kí ẹ tó tan iná rárá, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ yọ kọ̀ǹpútà mọ́tò, ẹ yọ ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ mọ́tò torí ó máa ń gbiná, kí ẹnì kan sì dúró pẹ̀lú ohun ìpaná.

Kéèjì nìkan ò sì tó, mo ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Irin tó ń gbà ọ́ là náà lè pa ọ́ tí orí rẹ bá gbá a. Gbogbo ibi tí akoto lè kàn gbọ́dọ̀ ní fóòmù líle tí òǹtẹ̀ FIA 8857-2001 wà lára rẹ̀, kì í ṣe fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń fi wé páìpù omi gbígbóná. Irin tí bélíìtì èjìká dè mọ́, a fi sí ibi tí bélíìtì á ti lọ sẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìbú, wọ́n gbani nímọ̀ràn pé kí ó má fi ju dígírì 10 sọ̀ kalẹ̀, 45 ni òpin pátápátá, torí tó bá sọ̀ jù á máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn mọ́lẹ̀. Ìdí rèé tí mi ò fi ń fi kéèjì sínú mọ́tò tí wọ́n máa fi lọ sọ́jà. Lójú títì kò sẹ́ni tó ń dé akoto, bélíìtì lásán ló wà, gbígbá kékeré báyìí orí á ti dé ara irin.

Gbogbo èyí náà sì ní ibi tó mọ. Ní February 6, 2011, Robert Kubica, awakọ̀ Formula 1, ń sáré ráàlì ní Andora ní Ítálì, irin etí títì gba iwájú mọ́tò wọlé, ó ba apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ gidigidi, àfi ní 2019 kó tó padà sí Formula 1. Kéèjì ò fọ́. Irin ọ̀hún gba àárín páìpù wọlé ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa páìpù omi láti ilé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni, mi ò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n rárá ni. Omi ni wọ́n ṣe páìpù yẹn fún, ó lójú rírán, kò sẹ́ni tó wọn agbára rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, síńkì ara rẹ̀ tún máa ń yọ èéfín tó ń fa ibà fún ẹni tó ń jó o. Tí owó CDS ò bá tíì sí, ẹ máa fi mọ́tò yín kọ́ bí a ṣe ń wà á lórí pápá gbalasa tí kò sí ògiri, pẹ̀lú ìjókòó àti bélíìtì tó wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ máa tọ́jú owó. Mọ́tò tó ní kéèjì burúkú léwu ju èyí tí kò ní rárá lọ torí ó ń fi ọkàn awakọ̀ balẹ̀ láìyẹ. Èló ni? Owó páìpù kéré nínú ẹ̀. Kéèjì yìí máa gbà tó bí 20 mítà, bí 45 kílò irin nìyẹn. Àsìkò ló ń jẹ owó, pàápàá jù lọ àsìkò tí a fi ń wọ̀n tá a sì fi ń gé ẹnu páìpù.

Ibi tí Golf dé báyìí, a ti jó òkè tán, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti wà lórí àpótí wọn, ó ku ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mi ò tíì kun nǹkan kan lọ́dà, mi ò sì ní kùn ún títí àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò fún eré fi máa wá wò ó lójú ìhòòhò, mo ti ní kí wọ́n mú dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn páìpù dání. Tí wọ́n bá ti wò ó tán, ìjókòó ló kàn. Tí ẹ bá ń ṣe tiyín lọ́wọ́, ẹ fi fọ́tò ibi tí páìpù yín ti pàdé lábẹ́ òrùlé ránṣẹ́ sí mi, òkè rẹ̀ ni kí ẹ yà, ẹ má ya ìsàlẹ̀.